Àwòrán Tí Ó Jọ Ènìyàn: Ìtàn Àìná Ọnàbólú àti Àwọn Ayàwòrán Ìgboro

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó ti di àṣà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, àti ọ̀mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé, pé àwòrán tí ó bá jọ ènìyàn gẹ́lẹ́ kì í ṣe ohun tí ó ti ọwọ́ Yorùbá wá. Wọn a ní ère ni tiwa, ère tí orí rẹ̀ tóbi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí ojú rẹ̀ kò sì jọ ojú ẹnìkan pàtó. Wọn a ní ẹni tí ó bá mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, tí ó ya ojú aládùúgbò rẹ̀ bí ó ti rí, tàbí tí ó ya ọjà àti títì pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti páànù tí ó ti dógùn-ún, òyìnbó ni ó ń sín jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìgbà lásán kò tó; mo fẹ́ fi ìtàn gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀, kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú èdè bẹ̀rẹ̀, nítorí pé èdè ni ẹ̀kọ́ tí mo wá kọ́. Kí ni a ń pè ní àwòrán? Àwọn onímọ̀ kan tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ sí à-wò-rántí, èyí ni ohun tí a ń wò tí a fi ń rántí. Bí ìtúmọ̀ yìí bá dúró, a jẹ́ pé iṣẹ́ ìrántí ni àwòrán kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ ẹwà. Ẹni tí ó kú, ẹni tí ó lọ sí ìdálẹ̀, ilé tí wọ́n wó, ọjà tí ó tú: ìwọ̀nyí ni ọkàn wa ń fẹ́ rí padà. Bí ohun tí a yà kò bá jọ ohun tí ó lọ rárá, kí ni a ó fi rántí rẹ̀? Lóòótọ́, àwọn àgbà ọlọ́nà wa kì í sábà fẹ́ kí ère jọ ènìyàn jù. Jíjọra tí wọ́n ń wá, èyí tí ó mọ níwọ̀n ni. Ṣùgbọ́n pé a wọn nǹkan kan mọ níwọ̀n kò fi hàn pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀rí èyí wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ifẹ̀, ó sì rí orí kan tí wọ́n fi idẹ rọ, tí a ń pè ní orí Olókun. Iṣẹ́ náà jọ ojú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin yìí kò fi gbà pé aláwọ̀ dúdú ni ó ṣe irú rẹ̀. Ó ní àwọn ará Atlantis ni, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní òkun bò mọ́lẹ̀. Ó yá a lára láti gba ìlú tí ẹnikẹ́ni kò rí rí gbọ́ ju kí ó gba àwọn ènìyàn tí ó dúró níwájú rẹ̀ gbọ́ lọ. Ní ọdún 1938, bí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni, wọ́n tún hú ọ̀pọ̀ orí idẹ mìíràn jáde. Ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ipéǹpéjú, gbogbo rẹ̀ rí bí ti ẹni tí ó wà láàyè. Àwọn onímọ̀ sọ pé ó ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ tí wọ́n ti rọ wọ́n. Ní Ọ̀wọ̀ ẹ̀wẹ̀, nígbà ìsìnkú kejì tí wọ́n ń pè ní àkó, wọn a gbẹ́ ère tí ó tó ènìyàn ní ìwọ̀n fún òkú ọlọ́lá, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn a sì gbé e káàkiri ìlú. Iṣẹ́ ọlọ́nà ni kí ojú ère náà jọ ojú olóògbé. Òyìnbó wo ni ó kọ́ wọn?

Ohun tí mo ti sọ yìí ni mo fi ṣe àtẹ̀gùn dé ọ̀dọ̀ Àìná Ọnàbólú. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1882. Ọmọ Ògèrè ni èmi, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, àwa àti Ìjẹ̀bú-Òde sì mọ ara wa nínú ìfẹ́ àti nínú ìjà. Nítorí náà irú orúkọ rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí etí wa. Ọnà tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọnà ti oníṣẹ́ ọnà ni, bí a ti ń gbọ́ ọ nínú Ọnàbánjọ àti Ọnàfúwà. Ìgbà tí wọ́n bí i, Ìjẹ̀bú ṣì ti ilẹ̀kùn mọ́ òyìnbó. Ọba àti àwọn ìjòyè kò gbà kí oníwàásù tàbí oníṣòwò òyìnbó máa la ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù ú. Ní ọdún 1892 ni ogun Ìmàgbọ̀n jà, tí ìbọn òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú. Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni Ọnàbólú nígbà náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a ó ṣi iṣẹ́ ọkùnrin yìí túmọ̀. Ìran tí ogun kó ni ó ti jáde wá, àwọn tí ó kó wọn sì ń wí lójoojúmọ́ pé àwọn nǹkan kan wà tí ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò lè gbé. Àwòrán tí ó jọ ènìyàn wà nínú àwọn nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ilé-ìwé St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde ni ó lọ. Kò ní olùkọ́ àwòrán kankan. Àwọn àwòrán inú ìwé àti inú ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ni ó ń wò, tí ó ń dà wọ́n kọ, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ó kọjá sí Èkó, ó ń lọ sí ilé-ìwé Caxton House, lẹ́yìn náà ó gba iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, àwòrán ni. Ní ọdún 1906 ó fi ọ̀dà olómi ya Ìyáàfin Spencer Savage, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ obìnrin Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Èmi náà kò tíì kúrò ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo bá sì rántí pé kò sí ẹni tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹnu máa ń yà mí.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé àwọn onífọ́tò kò ti wà ní Èkó nígbà náà ni? Wọ́n wà. Àwọn ọlọ́lá sì ń ya fọ́tò dáadáa. Kí wá ni ẹni tí ó jókòó fún ayàwòrán ń wá? Mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ ni pé fọ́tò lè mú ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọ̀dà yà wá ti bá wa jókòó pẹ́. Ó ti wo ojú wa nígbà tí a ń rẹ́rìn-ín àti nígbà tí ó rẹ̀ wá. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí ó wà ní ojú yẹn ni ayàwòrán ń wá kiri, kì í sì í rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 1920 Ọnàbólú fi ọ̀dà olóròóró ya Dókítà Ògúntọ́lá Sàpàrà, oníṣègùn tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí bí ó ti bá àrùn ṣọ̀pọ̀nná jà, tí ó tilẹ̀ wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olóòṣà náà láti mọ àṣírí wọn. Sàpàrà kú ní ọdún 1935. Àrùn tí ó bá jà ti tán lórí ilẹ̀ ayé. Ojú ọkùnrin náà ṣì ń wò wá láti inú àwòrán.

Ọdún 1920 yìí kan náà ni Ọnàbólú pa àwòrán rẹ̀ tẹ fún gbogbo ènìyàn ní Èkó, ó sì kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó pè ní A Short Discourse on Art láti fi gbèjà iṣẹ́ náà. Èyí ṣe pàtàkì. Ọmọ ilẹ̀ wa kan kò yàwòrán nìkan, ó tún jókòó ro ohun tí àwòrán jẹ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn bá a jiyàn. Láti ibẹ̀ ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ìlú London, ó kọ́ṣẹ́ ní St. John's Wood Art School, ó sì dé Paris, ní Académie Julian. Ilé-ẹ̀kọ́ Paris yìí ni Henry Ossawa Tanner, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ́ṣẹ́ láti ọdún 1891, kí ó tó ya àwòrán bàbá arúgbó kan tí ó ń kọ́ ọmọdé ní ohun èlò orin báńjò ní ọdún 1893. Àwọn òyìnbó ilẹ̀ Tanner a máa ya aláwọ̀ dúdú ní ìyà ẹlẹ́yà, ètè gbàǹgbà, ojú ràkọ̀ràkọ̀. Tanner ya wọ́n bí ènìyàn. Ẹ wò ó bí ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pàdé. Fún ẹni tí a ti fi ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kì í ṣe ohun kékeré pé kí a ya ojú náà bí ó ti rí.

Ní ọdún 1922 ó padà dé Èkó pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní King's College, ní CMS Grammar School, àti ní àwọn ilé-ìwé mìíràn. Ẹ̀kọ́ tí kì í yé kọ́ wọn ni bí ohun tí ó jìnnà ti ń kéré lójú àti bí ọ̀nà méjì tí ó jọ ń lọ ti ń súnmọ́ ara wọn títí wọn yóò fi di ọ̀kan ní ìpẹ̀kun ojú. Ó tẹnu mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Mr Perspective. Bí ẹ bá dúró ní etí òpópónà márosẹ̀ tí ó gba Ògèrè kọjá láàárín Èkó àti Ìbàdàn, ẹ ó rí ẹ̀kọ́ yìí láìlo ìwé. Tírélà tí ó wà níwájú yín ga bí ilé. Èyí tí ó ti kọjá lọ ti di páálí ìṣáná. Ojú wa ni ó rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ojú òyìnbó nìkan ni Ọlọ́run dá ní ọ̀nà yẹn.

Ọnàbólú kò dẹ́kun láti máa rọ ìjọba pé kí wọ́n fi àwòrán kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n mú òyìnbó kan wá ní ọdún 1927, Kenneth Murray ni orúkọ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn nìyí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti korò. Murray kò fẹ́ kí àwọn ọmọ wa máa yà bí ará Europe. Ó fẹ́ kí wọ́n padà sí ohun ìbílẹ̀: igi gbígbẹ́, amọ̀ mímọ, aṣọ híhun, àti àwòrán ayé abúlé. Ọmọ Ìjẹ̀bú ń wí pé ohun tí òyìnbó lè ṣe, a lè ṣe é. Òyìnbó ń dá a lóhùn pé kí ó máa ṣe ti bàbá rẹ̀. Ta ni ó gbèjà Yorùbá nínú àwọn méjèèjì?

Mo fẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má ṣe dá Murray lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ wa tọkàntọkàn. Òun ni ó di olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ yìí ní ọdún 1943, akitiyan rẹ̀ sì wà nínú mùsíọ́mù Èkó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957. Ọ̀pọ̀ ère tí ìbá ti jóná tàbí tí ìbá ti wọkọ̀ lọ ni ó kó pa mọ́ fún wa. Ẹnu rẹ̀ kò sì fi gbogbo ara purọ́, nítorí pé ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ti ń mú kí àwọn ọmọ máa tijú ohun tí bàbá wọn gbẹ́. Síbẹ̀síbẹ̀, Yorùbá ní: Jọ mí, jọ mí, òkúrorò ní í sọ ni í dà. Ẹni tí ó wí pé ‘jọ mí’ àti ẹni tí ó wí pé ‘o kò gbọdọ̀ jọ mí’, àṣẹ kan náà ni àwọn méjèèjì ń pa. Ohun tí Ọnàbólú ń bèèrè ni pé kí a fi ẹ̀tọ́ yíyàn sílẹ̀ fún ayàwòrán fúnra rẹ̀. Ó kú ní ọdún 1963, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira.

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò lórí ojú ẹnìkan, kí a bọ́ sí ìgboro. Akínọlá Láṣekàn, tí wọ́n bí ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 1916, ni ó gbé àwòrán tí ó jọ ènìyàn jáde láti yàrá àwọn ọlọ́lá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó bá ní kọ́bọ̀ ìwé ìròyìn. Láti ọdún 1944 ni ó ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe, pẹ̀lú orúkọ Lash ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò lè ka gbólóhùn kan lè wo bí ó ti ya òyìnbó amúnisìn kí ó sì mọ ohun tí ìjà náà dá lé. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí òyìnbó inú àwòrán náà kò bá jọ òyìnbó, tí mẹ̀kúnnù inú rẹ̀ kò sì jọ mẹ̀kúnnù, ta ni ìbá rẹ́rìn-ín, ta ni ìbá sì bínú? Láṣekàn tún ya àwọn ènìyàn ìlú rẹ̀ ní ọ̀dà olóròóró. Kò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní ilẹ̀ Faransé, Gustave Courbet ya ìsìnkú kan ní ìlú rẹ̀, Ornans, ní nǹkan bí ọdún 1850. Ó ya àwọn ará oko ní títóbi tí wọ́n máa ń ya ọba, àwọn gbajúmọ̀ Paris sì kígbe pé ojú wọn burẹ́wà jù. Ní New York, ní ọdún 1908, Robert Henri àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pa àwòrán tẹ tí òpópónà, ilé ọtí àti àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ àwòrán fún ìwé ìròyìn, gẹ́gẹ́ bí Láṣekàn. Nítorí náà, ẹni tí ó ya ìgboro níbikíbi máa ń gbọ́ ẹ̀gàn kan: ní ọ̀dọ̀ tiwọn, wọ́n ní kò lẹ́wà, ní ọ̀dọ̀ tiwa, wọ́n ní kì í ṣe tiwa.

Ọ̀nà mìíràn ṣí lẹ́yìn wọn. Láti ọdún 1958 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria, tí Yusuf Grillo ọmọ Èkó wà nínú wọn, ti parapọ̀ láti da ti ilé àti ti òkèèrè pọ̀. Ní Òṣogbo, láti ọdún 1962, Ulli Beier àti Dúró Ládiípọ̀ gbé Mbárí Mbáyọ̀ dìde, àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán sì ń ya òrìṣà àti àlọ́ bí ọkàn wọn ti rí i. Iṣẹ́ wọn dára, ayé sì yẹ́ wọn sí. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a fi ti Òṣogbo ṣe òṣùwọ̀n, kí a wá sọ pé ẹni tí kò bá yà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Yorùbá.

Nítorí pé ìgboro kò dúró dè wá. Kọ́ládé Òṣínówò, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, tí ó sì kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yaba College of Technology, ti ya ọjà, títì àti èrò Èkó. Abíọ́dún Ọlákù, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1958, mọ òru Èkó yà: iná ọkọ̀ lórí ọ̀dà títì tí ó tutù, àti ilé orí omi tí èéfín bò. Àwọn kan ń pè é ní àwòrán ẹlẹ́wà fún ògiri báńkì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní oṣù Keje ọdún 1990 ìjọba ológun wó Màrókò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ènìyàn sì di aláìnílé. Ẹ rántí pé ní ọdún 2009 wọ́n palẹ̀ ọjà ẹ̀bá títì Òṣòdì mọ́, kò sì ku ìṣọ̀ kan. Mólúè tí ó gbé àwọn òbí wa lọ sí ibi iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìtàn. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àróbá, àróbá ni bàbá ìtàn. Àwòrán ìgboro pẹ̀lú, àróbá olójú ni. Kò sọ fún wa pé ìgboro dára. Ó sọ fún wa pé àwọn ènìyàn wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ mú un wá sílé. Láti ọdún 1978 tí òpópónà márosẹ̀ ti ṣí, Ògèrè ti di ibùdó tírélà àti táńkà. Láàárín àwọn awakọ̀, àwọn rẹ́kàníìkì àti àwọn olóúnjẹ ni àwọn tí ń kọ ọkọ̀ wà, tí ń ya kìnnìún, ẹṣin àti ojú ènìyàn sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀sán kan, àgbàlagbà ni, mo sì ń pè é ní bàbá. Awakọ̀ kan ti fún un ní fọ́tò pélébé ti ìyá rẹ̀ tí ó ti kú. Bàbá sọ fún mi pé òjìji abẹ́ àgbọ̀n ni òun kọ́kọ́ ń wá, nítorí pé bí òjìji kò bá sí, ojú a máa léfòó bí awo lórí omi. Ó ní ojú tí a yà gbọdọ̀ lè wo ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà méjì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó mú wọn pàdé lókè, ọ̀nà jíjìn sì yọ lẹ́yìn ìyá náà. Mo bi í bí ó bá mọ Àìná Ọnàbólú. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, ó bi mí bóyá awakọ̀ ni. Ẹ̀kọ́ Mr Perspective ti rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbàgbé orúkọ olùkọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò wí fún awakọ̀ yẹn pé ojú ìyá rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ Yorùbá.

Ọ̀dà ara ọkọ̀ kì í pẹ́. Oòrùn a pa á, òjò a fọ̀ ọ́, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà wọn a kun ọkọ̀ náà ní ọ̀tun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ àwòrán ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa, ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín nìyí. Ògèrè kún fún ohun tí ó yẹ ní yíyà: èrò tí ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ fún àjọ̀dún ìjọ Aládùúrà tí Josiah Ọ̀ṣítẹ̀lú dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1930, obìnrin tí ń ta ọ̀sàn láàárín táyà tí ó ga jù ú lọ, awakọ̀ tí ó sùn sí abẹ́ ọkọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹ wá yà wọ́n bí wọ́n ti rí. Bí ẹnìkan bá wí fún yín pé òyìnbó ni ẹ ń sín jẹ, ẹ fi orí idẹ Ifẹ̀ hàn án, ẹ fi àkó Ọ̀wọ̀ hàn án, kí ẹ sì sọ ìtàn ọmọ Ìjẹ̀bú kan fún un, ẹni tí ogun bá ní ọmọdé, tí kò jẹ́ kí ẹni tí ó ṣẹ́gun ìlú rẹ̀ bá òun yan ohun tí ọwọ́ òun yóò yà.